Mo Fi Bírò Ba Ọkọ̀ Bàbá Jùbrílù Jẹ́

Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Ẹni tó bá fẹ́ káàánú èèyàn nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kó lọ káàánú Bàbá Jùbrílù, onímọ́tò pupa tó ń na Ìrókò sí Mọ́níyà. Mi ò gún táyà wọn. Mi ò da iyọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì wọn. Bírò lásán ni mo fi ba ọkọ̀ wọn jẹ́.

Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Gift ni gbogbo Ìrókò ń pè mí. Mi ò lọ sílé-ìwé ní kékeré. Ìgbà tí mo lóyún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dọ̀ tíṣà kan tó máa ń wá láti Ajíbọ́dẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ń ka Bíbélì fúnra mi, kò sì pẹ́ tí mo fi ń wo àwọn tí kò lè kà á bí ẹni ń wo ewúrẹ́.

Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, bí ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀mí tó ń ríran, akọ̀wé ìran ló máa ń kúnlẹ̀ tì í, á dẹtí sí ẹnu rẹ̀, á sì máa kọ ohun tó bá sọ. Torí bí ẹ̀mí bá ti kúrò lára aríran, kì í sábà rántí nǹkan kan. Ohun tí ìwé bá wí ni Ọlọ́run wí. Akọ̀wé tí a ní tẹ́lẹ̀ ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ni wọ́n bá gbé ìwé ìran lé mi lọ́wọ́.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Yola ni Fọlájìmí ọkọ mi wà, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe níbẹ̀. Oyún ṣì wà nínú mi nígbà tó lọ. Gift ti pé ọdún kan, ó ti ń tẹ̀ gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, bàbá rẹ̀ ò tíì fojú kàn án àfi nínú fóònù. Òun àtàwọn Yorùbá mélòó kan kọ́ ilé àdúrà síbẹ̀, ìjọ Ìrókò sì fẹ́ lọ yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kan báyìí. Àwa méjìlá la máa lọ. Ìrókò sí Yola, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko ni, àfi bí ẹni ń rìn láti etí aṣọ kan dé etí kejì.

Ó wá ku ọkọ̀ tí a máa wọ̀.

Kò yẹ kí ìyẹn di ọ̀rọ̀ rárá. Bàbá Jùbrílù ló máa ń gbé ìjọ wa lọ síbi gbogbo. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orin wa ju ẹlòmíì nínú wa lọ. Kí wọ́n tó dàgbà, iṣu àti obì ni wọ́n ń kó lọ sókè Ọya, kò sì sí kọ́nà tí wọn ò mọ̀ títí dé Máídúgùrì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ náà. Okùn ni wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò ìdọ̀họ ni wọ́n fi bo ìjókòó. Àwọn oní-fùfú àti oní-gaàrí ló ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, òórùn fùfú ti wọ inú irin rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ yẹn kan náà ló gbé mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí mo ń rọbí. Àárín àpò fùfú méjì ni mo jókòó sí. Bàbá Jùbrílù ń yẹ kòtò bí ẹni tó ru ẹyin, wọ́n ń sọ fún mi pé, “Ó kù díẹ̀, ọmọ mi, ó kù díẹ̀.” Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ sì mọ ohun tí mo rántí nínú oore yẹn? Òórùn fùfú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti wọ ọkọ̀ wọn, etí ìborùn mi ni mo fi ń bo imú.

Ẹlẹ́rù-jẹ̀jẹ̀ ni mí pẹ̀lú. Bí Gift bá sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń ronú pósí. Bí mo bá wo okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, mo máa ń rí ọmọ mi tó ń já bọ́ láti ibẹ̀. Ìbẹ̀rù àti ìgbéraga, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé nínú ayé mi. Bí ọ̀kan ò bá dáhùn, èkejì á dáhùn.

Sharon ló wá da epo síná. Akọrin ni nínú ìjọ wa, ó ti lọ sí Yola lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́sì ló sì bá lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ Bàbá Jùbrílù la máa wọ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá Gift. Bí o bá ti sọ̀ ní Yola, wọ́n á ti bi ọ́ pé èló ni kóńgò gaàrí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ọkọ mi ò rí mi láti bí ọdún méjì, kó wá jẹ́ pé àárín àpò gaàrí ni màá ti yọjú sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Sanmí dé.

Ajíbọ́dẹ ni Sanmí ti ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti gbọ́ pé ìjọ wa ń wá ọkọ̀, ó bá wa bọ́ọ̀sì funfun kan wọnú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, lọ́fínńdà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n wọlé wò ó. Mo wọlé. Ó tan ẹ́sì. Ẹ̀yin èèyàn, ara mi tutù, Gift sùn lọ lẹ́yìn mi.

Sanmí ní iwájú tèmi àti ọmọ mi ni, kò sẹ́ni tó máa bá wa jókòó síbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti lọ sí òkè Ọya rí. Ó ní òun ti dé Ìlọrin. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti dé Mẹ́kà. Ó ku díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ́sì ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ó wá bi mí pé ta ló máa yan ọkọ̀. Mo ní àdúrà ló máa yàn án, pé ìran la máa ń dúró dè.

“Ta ló ń kọ ìran náà sílẹ̀?”

Mo ní èmi ni.

“Háà, Àǹtí akọ̀wé,” ló kàn sọ, ó bá ń nu dígí ọkọ̀ rẹ̀. Kò rán mi níṣẹ́ kankan. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi lé òpònú yẹn lórí, kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, Àlùfáà Jonathan ní ká gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ síwájú Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n pe Fọlájìmí, kó lè bá wa ṣe àmín láti Yola, torí àwọn ni olùgbàlejò wa. Mo pè é, mo tẹ sípíkà, mo gbé fóònù sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Màmá Múyì kúnlẹ̀ sí. A bẹ̀rẹ̀ orin. Pátẹ́wọ́ sọ. Kí orin tó dé ìlà kẹta, ẹ̀mí ti gbé Màmá Múyì.

Aríran wa àgbà ni Màmá Múyì. Wọn kì í pariwo nínú ẹ̀mí bí àwọn ọ̀dọ́. Ohùn wọn máa ń lọlẹ̀ ni, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ létí. Mo gbé ìwé, mo gbé bírò, mo sáré kúnlẹ̀, mo gbé etí mi sún mọ́ ẹnu wọn. Nínú ariwo pátẹ́wọ́ yẹn, mo mọ̀ pé èmi nìkan ló ń gbọ́ wọn.

Wọ́n ní, “Mo rí ọkọ̀ méjì. Funfun ń dán, inú rẹ̀ tutù, omi ti gbẹ níkùn rẹ̀, kò gun òkè. Ẹ má wọ funfun. Pupa ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọdé ń sùn nínú rẹ̀. Ẹ wọ pupa.”

Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ò lọ.

Mo rí àárín àpò gaàrí. Mo rí ojú Sharon. Mo rí okùn tó so ilẹ̀kùn. Mo ní nínú ara mi pé, àgbàlagbà yìí ti gbó, bóyá ó ti gbé pupa sípò funfun. Mo ní torí ọmọ mi ni. Gbogbo irọ́ tí mo bá fẹ́ pa nílé ayé mi, mo máa ń sọ pé torí ọmọ mi ni.

Mo bá kọ ọ́: “Mo rí ọkọ̀ méjì. Pupa, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má wọ pupa. Funfun ń dán, inú rẹ̀ tutù, àwọn ọmọdé ń sùn nínú rẹ̀. Ẹ wọ funfun.”

Màmá Múyì ò mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo bu ẹ̀jẹ̀ sí i, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo sì kọ ọ́ rèǹtè-rente, tíṣà mi ì bá yìn mí.

Nígbà tí orin rọlẹ̀, Àlùfáà ní kí n kà á. Mo kà á. 

Màmá Múyì nu òógùn ojú wọn. “Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, Mà.”

“Nípa ọkọ̀ Jùbrílù?” Omi bọ́ lójú wọn. “Ó mà ṣe o. Ẹni jẹ́jẹ́ ni.”

Àwa kì í wọ aṣọ pupa nínú ìjọ wa, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ pupa yẹn, kò sẹ́ni tí àwọ̀ rẹ̀ ta lójú. Àfi bí mo ṣe ka ìwé tán tí gbogbo wọn ń rántí nǹkan. Ọ̀kan ní fèrè rẹ̀ máa ń dún bí igbe ọ̀fọ̀. Ọ̀kan ní òun ti lálàá nípa rẹ̀ nígbà ààwẹ̀. Sharon ní orí òun máa ń wú bí òun bá ti wọ̀ ọ́. Òpùrọ́. Orun ló máa ń sùn nínú rẹ̀, á sì máa han-run. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n tẹ̀gàntẹ̀gàn bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí sí ohun tí mo fọwọ́ ara mi dá. Kò yé mi nígbà náà pé ẹni tó se májèlé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹni tó jẹ ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi àti Àlùfáà la lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bàbá Jùbrílù. A bá wọn lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì sí tuntun nítorí ìrìn wa. Àlùfáà ṣàlàyé. Bàbá Jùbrílù yọ jáde, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wo ọkọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀? Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wakọ̀, adìyẹ kan ṣoṣo ni mo tíì pa. Mo sì san owó rẹ̀.”

Àlùfáà ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.

“Mi ò lè bá Ọlọ́run jiyàn,” ni wọ́n wí. Wọ́n bá tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ohun tó wá dùn mí jù lónìí ni èyí. Àlùfáà ò lọ. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bẹ Bàbá Jùbrílù pé kí wọ́n bá wa kó àga ìjọ, pẹpẹ tuntun àti àpò gaàrí mẹ́wàá tí a fẹ́ fún àwọn ará Yola lọ. Èèyàn ò lè wọ ọkọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, àga lè wọ̀ ọ́. Láti abẹ́ ọkọ̀, Bàbá Jùbrílù ní àwọn máa kó o.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn ti gba ìlú. Àwọn oní-fùfú kó ẹrù wọn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo gba gáréèjì kọjá lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ pupa wà níbẹ̀ ní òfìfo, Bàbá Jùbrílù jókòó sínú rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìdarí. Wọ́n kí mi. Wọ́n bi mí pé ọmọ ńkọ́.

Ọjọ́bọ̀ la gbéra. Ẹ gbọ́ ti ìjókòó iwájú. Ọmọbìnrin kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú tirẹ̀. Sanmí ní àbúrò òun ni. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ìpààrọ̀, ẹ́sì ò sì dé ibẹ̀.

Ní Adégbayì, níbi tí a ti fẹ́ já sí ọ̀nà Ifẹ̀, a bá Bàbá Jùbrílù tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń di okùn ẹrù wọn le. Wọ́n juwọ́ sí wa. Inú ọkọ̀ wa ńkọ́? Ẹnì kan ń sọ pé kí a má wo apá ibẹ̀, òmíràn ti ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ara rẹ̀. Èmi nìkan ni mo juwọ́ padà. Ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀ kì í wúwo.

A sùn sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà. Gbogbo oríta ni Sanmí ti ń béèrè ọ̀nà, gbogbo ilé epo ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bu omi, á ṣí iwájú ọkọ̀, á tún pa á dé kíákíá bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Àlùfáà bi í bóyá kò sí nǹkan. Ó ní kò sí nǹkan, Dádì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, a kọjá Akwanga, a kojú òkè ńlá tó gun Jos. Àwọn ọkọ̀ ajagbe ń wọ́ gùn ún bí ìgbín. A gùn ún dé ìlàjì. Èéfín funfun rú bo dígí iwájú, nǹkan kan dún pàù, ọkọ̀ dákẹ́. Ẹ́sì kú. Ooru rọ́ lù wá.

A sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn. Sanmí ṣí iwájú ọkọ̀, Àlùfáà yọjú wò ó. Ọṣẹ ìfọṣọ ni ọmọkùnrin yìí rún tó fi dí ojú ibi tí ràdíétọ̀ ti ń jò. Ọṣẹ ti yọ́. Omi ò sí níkùn rẹ̀ mọ́.

Sanmí ní, “Ọkọ̀ yìí ò lẹ́bi. Inú ìlú ni ara rẹ̀ mọ̀.”

Sharon wò ó. “Ìwọ náà ńkọ́? Láti Ajíbọ́dẹ dé géètì yunifásítì, ṣé ibẹ̀ náà ni ayé rẹ parí sí?”

Sanmí fẹ́ gba omi mímu wa dà sínú ràdíétọ̀. Wákàtí kan kọjá. Gift bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, ó bì lé mi láyà, orí rẹ̀ fì sí èjìká mi. Mo gbé etí sí imú rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Àwọn ìyá ìjọ ń sọ pé Èṣù ló ń bá ìran jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìṣẹ́gun. Orin yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́.

Àlùfáà ní kí n pe Fọlájìmí, kó wá ìrànlọ́wọ́ fún wa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bá mọ̀ ní Jos. Wọ́n ní kí n tẹ sípíkà kí gbogbo wa lè jọ gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Àlùfáà sọ ibi tí a wà fún un, wọ́n ní ọkọ̀ ti dákú.

“Ọkọ̀ Bàbá Jùbrílù?” Ohùn Fọlájìmí le. “Kò ṣẹlẹ̀ rí.”

“Rárá, ti Sanmí ni. Bọ́ọ̀sì funfun.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo gbàdúrà pé kó ti lọ.

“Àlùfáà, ẹ forí jì mí. Ṣebí Màmá Múyì ní kí ẹ má wọ funfun?”

Àwọn ìyá ìjọ kó jọ mọ́ fóònù.

“Mo wà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Orin ò jẹ́ kí n gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn Màmá ketekete bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà. Wọ́n ní omi gbẹ níkùn funfun, kò gun òkè. Wọ́n ní ẹ wọ pupa. Fóònù ti kú kí wọ́n tó ka ìwé, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tèmi. Nígbà tí Ìyá Gift sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti yanjú, kí ni mo tún fẹ́ béèrè?”

Fóònù náà. Mo ti gbé e síbẹ̀ fúnra mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Màmá Múyì yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, Ìyá Gift ni wọ́n ń pè mí.

“Gbọ́njúbọ́lá. Kí ni mo sọ?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo rẹ̀, láti orí dé ìdí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ̀, mo ní èmi ni mo fi í kún un.

Màmá Múyì ò ṣépè. Wọ́n kàn jókòó sórí òkúta etí títì. “Ó sọ mí di ẹlẹ́rìí èké lójú Ọlọ́run,” ni wọ́n wí, àfi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Sharon wá gba Gift lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji. Sharon, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò rí èébú kankan tó tó mi.

Sanmí nìkan ló rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Àǹtí akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Mo ti rò pé Ọlọ́run ló yàn mí.”

Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè bọ̀ lẹ́yìn wa. Gbogbo wa mọ ohùn yẹn. Ọkọ̀ pupa ni, gìá kìn-ín-ní, jẹ́jẹ́, àga ìjọ wa lórí rẹ̀ bí adé. Bàbá Jùbrílù dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi òkúta há táyà, wọ́n wo ẹ́ńjìnnì Sanmí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣe hùn. Wọ́n ní kí gbogbo wa kó wọlé.

Kò sẹ́ni tó mira. Ojú ń tì wọ́n. Àlùfáà wò mí, wọ́n ní, “Sọ ọ́ fún wọn.”

Mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná, mo sọ ọ́. Bàbá Jùbrílù gbọ́ ọ tán. Wọ́n wo ọwọ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń kọ̀wé.

“Èmi ò mọ̀wé,” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ ni wàá pa á rẹ́.”

Wọ́n bá yíjú sí Sharon. “Ọmọ yẹn ti mu omi?”

A já àga mẹ́fà sílẹ̀ kí àyè lè gbà wá. Sanmí àti àbúrò rẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan létí títì, wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó kù, bí olùjọ́sìn tó ń dúró de ìwàásù. Iwájú ni Bàbá Jùbrílù fi Màmá Múyì àti Gift sí. Wọ́n rẹ aṣọ sómi, wọ́n ní kí Màmá máa fi nu orí ọmọ. Èmi wà lẹ́yìn, lórí àpò gaàrí. Kí a tó dé Jos, ooru ara ọmọ mi ti rọlẹ̀, ó ti sùn lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta la wọ Yola. Láàárín gaàrí náà ni mo ti yọjú sí ọkọ mi, gbogbo aṣọ mi funfun fún gaàrí. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló wò mí, tó ní, “O gbé ọmọ mi wọ ọkọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ má wọ̀.” Ìyẹn nìkan. Ọ̀rọ̀ náà ti jí mi láti ojú orun lọ́pọ̀ ìgbà.

Wọ́n gba ìwé ìran lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́. Kí wọ́n tó gbà á, mo kọ ìran tòótọ́ sábẹ́ èké, mo kà á níwájú ìjọ. Mo kà á ní gáréèjì Ìrókò lọ́jọ́ ọjà, àwọn oní-fùfú dúró tí wọ́n gbọ́ mi.

Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n wọ ọkọ̀ ẹlòmíì lọ. Ẹnì kan ní Bàbá Jùbrílù ló bẹ̀ mí pé kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ti inú ara rẹ̀ hùmọ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo ka irọ́ náà, gbogbo wọn há a sórí. Mo ka òtítọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, wọ́n ní mi ò kà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè pa ohun tí bírò kọ rẹ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ náà fúnra mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà, bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ rà tàbí mi ò ní, màá pọn Gift wá sí gáréèjì, màá jókòó síwájú ọkọ̀ pupa níbi tí gbogbo ayé ti lè rí ọmọ mi. Èmi tí mò ń ronú pósí bí ọmọ bá sín. Bàbá Jùbrílù kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á bi mí pé ọmọ ńkọ́, wọ́n á dúró títí ọ̀sán, wọ́n á sì gbé àwa nìkan lọ sí Mọ́níyà, wọ́n á gbé wa padà. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Agbọ̀n fùfú wà lórí rẹ̀. Ó wo inú, ó wo Gift tó ń fi eyín họ etí fèrèsé, ó wò mí. Ó ní ṣé ọmọ yẹn ni wọ́n gbé gun òkè. Mo ní òun ni.

Ó ronú díẹ̀. Ó bá wọlé, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òórùn fùfú gba gbogbo inú ọkọ̀. Bàbá Jùbrílù ṣáná sí ọkọ̀.

Ìborùn mi wà léjìká mi. Mi ò bo imú.